Orúkọ Tí Mo Fi Ìṣó Kọ Sínú Àṣíborí

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ṣì fẹ́ bú mi, kó máa bú mi lọ. Ìyàwó mi ti bú mi. Àwọn àna mi ti bú mi. Èmi náà ti bú ara mi títí ó fi sú mi, kò sì tún nǹkan kan ṣe.

Gẹ̀rígẹ̀rí ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju àga méjì lọ, dígí gbọọrọ kan, àti fáànù kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé, ògiri ló máa kọ́kọ́ wò. Àṣíborí ogun ló kún ibẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn fìlà irin tí àwọn sójà dé nígbà ogun tó jà nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òmíràn ti dípẹtà. Òmíràn ti tẹ̀ wọnú bí agolo mílíìkì tí mọ́tò gùn kọjá.

Àwọn oníbàárà mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá, ṣé irun lẹ fẹ́ gẹ̀ fún mi ni àbí ogun lẹ fẹ́ rán mi lọ?"

Èmi náà á ní, "Pẹ̀lú orí yín yìí? Kò sí àṣíborí tó máa gbà á." A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé mo kàn ń kó irin jọ. Ohun tó ń mú ara mi yá ni kí n mọ orí ẹni tó ti wà nínú rẹ̀. Awọ kan wà nínú àṣíborí, níbi tó ti ń kan orí. Àwọn sójà a máa kọ nǹkan síbẹ̀: orúkọ wọn, tàbí nọ́ńbà, tàbí kí wọ́n ya àwòrán kan. Lẹ́yìn rẹ̀ níta, wọ́n a máa kun àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n wà. Ìyẹn ni mo fi ń wádìí. N ó pe sójà àtijọ́ kan, ìyẹn á ní kí n pe ẹlòmíràn, títí n ó fi kan ilẹ̀kùn ilé kan, tí n ó sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá yín ló ni èyí."

Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn èèyàn ti dì mọ́ mi bíi pé bàbá náà gan-an ni mo mú wálé. Bàbá kan tó ti hewú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi, ó gbé àṣíborí bàbá tirẹ̀ sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ọjọ́ yẹn ló wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Mo wá fẹ́ràn kí wọ́n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo rẹ̀ ò wú lórí ni ìyá ìyàwó mi.

"Bàbá Ìbejì," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, nítorí ìbejì tí ọmọ rẹ̀ bí fún mi, "ẹ gbé orí òkú kọ́ sára ògiri, ẹ wá ń gẹ irun alààyè lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà yín?"

Ó nídìí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, lọ sógun yẹn, kò sì dé. Kò sẹ́ni tó mú ìròyìn wá, kò sẹ́ni tó gbé òkú wá. Ó ga, ó tín-ín-rín, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni gbogbo ilé ń pè é. Láti ìgbà náà, Màmá ò ti yàrá rẹ̀ pa. Ó ń fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀, ó ń sá a, ó ń tún un tẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é ní olóògbé nínú ilé yẹn. Ìyàwó mi ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ nígbà kan, Màmá gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo rí i tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo pa kílípà. Kò jókòó. Ó ń wo àwọn àṣíborí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ láàárín èrò.

"Bàbá Ìbejì, wọ́n ní ẹ máa ń rí ẹni tó ni ín."

"Nígbà míì ni, Màmá."

"Ẹ bá mi wá ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé fáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. "Dókítà ní àwọn máa là mí níkùn. Mi ò bẹ̀rù ọ̀bẹ wọn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ lọ láìmọ ibi tọ́mọ mi gbà lọ."

Mo ní, "Màmá, mo máa gbìyànjú."

Mo sì gbìyànjú lóòótọ́. Ẹ má rò pé irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Màmá rántí pé nígbà kan tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wálé láti bárékè, àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò wà lápá aṣọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá onígun mẹ́ta yẹn kiri. Mo pe gbogbo sójà àtijọ́ tí mo mọ̀. Àwọn kan ti kú, àwọn kan ò gbọ́ ohun tí mo ń sọ, ọ̀kan tiẹ̀ ní kí n má pe òun mọ́ láyé òun nítorí ọ̀rọ̀ ogun.

Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù irin pè mí. Mo dé ọgbà rẹ̀, mo rí àṣíborí kan lábẹ́ òkìtì páìpù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ wọnú. Mo fi èékánná ha ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀. Yẹ́lò! Onígun mẹ́ta! 

Mo yí i padà. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀. Ẹja ni ẹni tó ni ín yà sára awọ náà, ẹja kékeré kan tó la ẹnu, tó sì ní ìpẹ́ lára. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yà.

Mo fi ọgbọ́n bi Màmá léèrè. "Ṣé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ máa ń ya àwòrán?"

"Ta ni? Ọmọ mi tí ò lè fa ìlà kó gún?"

Mo mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: mo mọ̀. Mo ya fọ́tò ẹja náà, mo fi ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, bóyá ẹnì kan á mọ ẹni tó yà á.

"Ẹja?" alága ní. "N ó béèrè. Àmọ́ a ò pọ̀ mọ́ o, etí àwọn tó kù ò sì gbọ́ fóònù dáadáa." Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ Màmá wá ń sún mọ́lé. Ìyàwó mi á ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé, á jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà.

"Bàbá Ìbejì, ó tún béèrè lónìí."

"Mo ṣì ń wá a."

"Dókítà ní ó dà bí ẹni tí ò ní fẹ́ jí tí wọ́n bá fún un lóògùn oorun. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun. Kó tiẹ̀ jẹ́ bọ́tìnnì."

Ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ yẹn kọ̀, kò kúrò létí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo gbé àṣíborí ẹlẹ́ja náà sórí itan. Mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ogun kan náà ṣáà ni. Ẹni tó ya ẹja yìí á ti kú tipẹ́. Ta ló máa dùn? Ìyá arúgbó kan á rí nǹkan dì mú, á jí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó parí. Bí irọ́ ṣe ń wọlé nìyẹn o. Kì í kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ariwo. Ohùn àánú ló fi bá mi sọ̀rọ̀.

Mo mú ìṣó. Mo fi kọ Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́ sára awọ náà, lábẹ́ ẹja yẹn. Ojú ibi tí mo ha ń funfun, ó hàn pé tuntun ni. Mo po èédú tí mo lọ̀ kúnná mọ́ òróró tí mo fi ń pa kílípà, mo fi pa á títí ó fi dúdú bíi ti ẹja.

Mo gbé e lọ fún un nílé ìwòsàn. Mi ò tiẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn gbé e lé e lọ́wọ́, mo ní, "Màmá, ẹ wo inú rẹ̀."

Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sunkún bí mo ṣe rò. Ó ti ojú rẹ̀ bọ inú àṣíborí náà, ó fà á símú, ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Ọmọ mi," ó ní. Mo rò pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Àfi bó ṣe di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ọlọ́run á ṣe é fún ìwọ náà."

"O" ló pè mí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, "ẹ" ló ń pè mí, "ẹ" tútù tí wọ́n fi ń pe àlejò. Ìyàwó mi yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Nọ́ọ̀sì tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. Inú mi dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn dé ìdí.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Gbogbo ẹbí ní èmi ni mo gbà á là. Tí mo bá dé ilé Màmá, àga tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí ni wọ́n ń ní kí n jókòó sí. Ó gbé àṣíborí náà sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń kí i láàárọ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Lọ́jọ́ kan, mo dé ibẹ̀, mo rí mátírẹ́ẹ̀sì tó ń ti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bọ̀ lórí ènìyàn méjì. Mo fi ara mọ́ ògiri kí wọ́n lè kọjá. Aṣọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nínú àpò, bàtà rẹ̀ wà lórí àpò.

"Màmá, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ gba ayálégbé," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti dúró dè é tó. Ìwọ lo jẹ́ kí n mọ̀ pé kò bọ̀ mọ́. Ara mi ti fúyẹ́."

Ọkàn mi ní kí n pariwo pé ẹ dá mátírẹ́ẹ̀sì yẹn padà, pé mi ò mọ ibi tí ọmọ yín wà, pé mi ò mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó wà.  Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bá wọn gbé àpò àti bàtà náà dé ìta.

Mo fẹ́ sọ fún ìyàwó mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, á ní, "Mi ò mọ bí mo ṣe máa san oore yìí fún yín." N ó ní kò tó nǹkan.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí alága ẹgbẹ́ àwọn sójà pè mí.

"Gẹ̀rígẹ̀rí, mo ti rí Ẹja!"

"Ẹja wo?"

"Ẹni tó ya ẹja tí o fi ránṣẹ́. Ẹja la ń pè é ní bárékè nítorí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó wà láyé o! Nígbà tó rí fọ́tò yẹn, ó sunkún bí ọmọdé. Ó ti ń múra, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

 Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé kó dúró ná, torí pé..."  Alága ní, "Dúró kẹ̀? Àgbàlagbà lo fẹ́ ní kó dúró?" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Ó dé lóòótọ́. Ṣọ́ọ̀bù kún, mo ń gẹ irun fún ọ̀gá iléèwé kan, mo ti ṣe ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀, ó ku ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá, ó wọ kóòtù tó ti ṣá, ó ń wo ògiri.

"Èmi ni Ẹja," ó ní. "Níbo ló wà?"

Kílípà ń dún lọ́wọ́ mi. "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ó ṣeni láàánú. Mo... mo ti tà á."

Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ṣú. Ó di àga mú. "O tà á. Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ tipátipá. Mo kàn fẹ́ dì í mú ni."

Ìyàwó mi ló wọlé ní àkókò yẹn, ó gbé omi mímu wá fún mi. Ó kí bàbá náà, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, kí lẹ ń wá?"

"Àṣíborí mi ni, ọmọ mi. Ẹja wà nínú rẹ̀."

"Ẹlẹ́ja? Ó wà ńbẹ̀ o! Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà. Bàbá Ìbejì, ẹ ti gbàgbé ni?" Ojú rẹ̀ tàn. "Bàbá, ṣé ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mi ni ẹ jọ lo ó ni? Ẹ mọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Ẹ jẹ́ ká lọ. Ìyá mi máa fò sókè!"

Mo ní, "Dúró." Kò gbọ́. Ó ti di bàbá náà lápá, wọ́n ti jáde. Ilé Màmá ò jìnnà, ojú pópó kejì ni. Mo ju kílípà sílẹ̀, mo sá tẹ̀lé wọn. Ọ̀gá iléèwé tí mo gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì sá tẹ̀lé èmi náà, pẹ̀lú aṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn. "Ọ̀gá gẹ̀rígẹ̀rí, orí mi ńkọ́? Ṣé bí mo ṣe máa lọ kojú àwọn ọmọ iléèwé nìyí?" Àwọn èèyàn ojú ọ̀nà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé, tí mo dé ibẹ̀, Ẹja ti jókòó sí yàrá Màmá, àṣíborí náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ wọnú yẹn. "Ibi tí mo ti já bọ́ látorí ọkọ̀ nìyí," ó ní. "Ẹ má jẹ́ ká purọ́ pé ọta ni. Mo já bọ́ ni." Ó yí i padà láti rí ẹja rẹ̀. Ó tún un wò.

"Ta ló kọ nǹkan sísàlẹ̀ ẹja mi?"

"Orúkọ ọmọ mi ni," Màmá dáhùn. Ó ti sún mọ́ ọn, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti bàbá náà. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọmọ gíga. Ẹ jọ wà níbẹ̀, àbí?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n yìnbọn bà mí lẹ́sẹ̀, wọ́n gbà á lórí mi nílé ìwòsàn àwọn sójà. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn."

"Hẹn-ẹn!" Màmá pàtẹ́wọ́. "Wọ́n gbà á lórí yín, wọ́n gbé e fún ọmọ mi. Òun ló dé e tẹ̀lé yín. Ṣé ẹ rí i?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. Màmá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ là á fún mi. Ohun tí mo máa ṣe kò ju kí n mi orí lọ.

Ẹja ò mi orí. Ó gbé awọ náà sún mọ́ ojú fèrèsé. "Ìyá, lẹ́tà yìí ò tíì gbó. Ẹja mi ti ṣá. Èyí ò ṣá."

Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ. Kò sí bí ò ṣe ní mọ òórùn òróró kílípà.

Ó gbé ojú sókè wò mí.  Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn.

"Èmi ni mo kọ ọ́," mo ní.

 Ọ̀gá iléèwé tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rọra tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ó yọ́ jáde. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ìṣó ni mo fi kọ ọ́. Mi ò rí ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mi ò mọ ibi tó wà. Ẹ forí jì mí."

Mo ń retí igbe. Mo ń retí ìgbátí. Màmá fi ẹ̀sọ̀ gba àṣíborí náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Dìde," ó ní. "Mo mọ ohun tí o ń ṣe. Àánú bàbá yìí ló ń ṣe ọ́, o fẹ́ kó rí i gbé lọ. Ìwà rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n má purọ́ mọ́ ọmọ mi."

"Màmá, òótọ́ ni mo ń sọ!"

"Mo ní má purọ́ mọ́ ọmọ mi!"

Mo búra. Mo ní kí n lọ mú ìṣó náà wá. Ìyàwó mi kígbe, "Màmá, òun ló kọ ọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀!" Màmá ní, "Òórùn ọmọ mi ni."  Irọ́ mi ló gbà gbọ́. Òótọ́ mi ni kò gbà.

Ẹja dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Àwọn tí mo bá jẹun nínú àṣíborí yẹn, gbogbo wọn ló kú sójú ogun. Òun nìkan ni mo ní tó mọ̀ wọ́n. O ò lè wá ibòmíràn kọ orúkọ ẹlòmíràn sí?" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Alága ẹgbẹ́ àwọn sójà ní kí n má pe òun mọ́. Ìyàwó mi kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin ti mọ ìdí rẹ̀. Bàbá tó hewú yẹn, ẹni tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́sí, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àṣíborí bàbá rẹ̀ dání.

"Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bàbá mi ló ni ín?"

"Bàbá yín ló ni ín. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Bẹ́ẹ̀ náà lo sọ fún ìyá ìyàwó rẹ."

Ó gbé e kalẹ̀ sórí àga, ó lọ. Bàbá rẹ̀ ló ni ín o! Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mi ò ní bí mo ṣe lè mú un gbà mọ́.

Èyí tó wá burú jù ni pé Màmá ò fi Ẹja lọ́rùn sílẹ̀. Ó béèrè ilé rẹ̀, ó ń gbé àṣíborí dání lọ síbẹ̀, ó ní kó rántí. Lójoojúmọ́, "Ẹ rò ó dáadáa, ọmọ gíga, tín-ín-rín." Ẹja ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ẹja obìnrin ń pè mí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa mú àna yín. Ara bàbá ò yá." N ó lọ, n ó bẹ Màmá, Màmá ò ní wo ibi tí mo wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè mí. Mo dé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹja ti rù gan-an, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn lórí àga. Màmá jókòó níwájú rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ó ga," Ẹja ń sọ. "Ó ga débi pé ó ní láti tẹ̀ kó tó lè wọ inú àgọ́."

"Ẹ ò rí i!" Màmá ní.

"Ó máa ń kọrin nígbà tí òjò bá ń rọ̀. A ní kó dákẹ́, kò ní dákẹ́."

Mo yíjú sí ọmọ Ẹja obìnrin tó dúró lẹ́yìn àga. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí: "Gbogbo nǹkan ló ti dàrú mọ́ ọn lójú. Lánàá, orúkọ ìyá mi ló fi ń pè mí." Mo wo ojú bàbá náà. Kò purọ́. Àánú kọ́ ló ń ṣe é. Ó ń rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ níwájú rẹ̀ kedere bó ṣe ń rí wa.

Ẹni ìkẹyìn tó rántí àwọn tó kú sójú ogun náà nìyẹn. Orúkọ tí mo fi ìṣó kọ ti wọ inú ìrántí rẹ̀ lọ.

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún wa pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí?"

Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbìyànjú láti dá mi mọ̀.

"Ìwọ ta ni?" ó ní. "Ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

Mo ní rárá, mi ò sí níbẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn," Màmá ní. "Nígbà tí òjò wá dá ńkọ́?"

Ẹja sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ìyàwó mi dìde, ó fi ọwọ́ tọ́ka ìta sí mi, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé tó ń dí àgbà lọ́wọ́. Mo jáde. Mo dúró lábẹ́ fèrèsé wọn, mo sì ń gbọ́ tí Màmá ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi. Tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ ò mọ̀. Ó máa dùn ún. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ jẹ́ kó dùn ún.